Ọ̀sẹ̀ yìí ti fẹ́ gbé mi mì: iṣẹ́, ilé, ìrìn àti ìwé, báwo lẹ ṣe ń ṣe é?

Olùkọ́ Mọ́wé
Ọjọ́ Àìkú, aago 9:42 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ó ti lé lọ́dún kan tí mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín níbí, n ò sì dá sí i rí. Lónìí, ọ̀rọ̀ ti kún inú mi.

Olùkọ́ ni mí. Mọ́wé ni mò ń gbé, Ìkẹjà ni iléèwé tí mo ti ń ṣiṣẹ́ wà. Aago 4:15 ìdájí ni mo máa ń jí. Tí n ò bá tíì wọkọ̀ nígbà tí aago 5:15 bá lù, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ máa há mi mọ́nà kí n tó dé Berger. Ọjọ́ tí ọ̀nà bá dáa jù ni mo ń wọlé ní aago 7 alẹ́. Ọmọ méjì ni mo bí, ẹ̀gbọ́n jẹ́ ọmọ ọdún 11, àbúrò jẹ́ ọmọ ọdún 8. Ọkọ mi ń ṣiṣẹ́ ní Ṣágámù, ọ̀sẹ̀ kan iṣẹ́ ọ̀sán, ọ̀sẹ̀ kejì iṣẹ́ òru.

Ìdánwò ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ní iléèwé wa. Ìwé ìdánwò 128 ló wà nílẹ̀ tí mo gbọ́dọ̀ máàkì kí ọjọ́ Ẹtì tó parí. Aṣọ tí a ò tíì fọ̀ ti di òkè lórí àga. Oṣù tó kọjá ni wọ́n wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ mi, tí wọ́n ní ó ti ń ga díẹ̀. Dókítà ní kò tíì di ti oògùn, ṣùgbọ́n kí n máa rìn dáadáa, kí n dín iyọ̀ kù, kí n sì máa sùn. Mo jáde níbẹ̀, mo ń bi ara mi pé, ìgbà wo?

Èyí tó wá ń dùn mí jù, bóyá kò tó nǹkan lójú ẹlòmíràn, ni ìwé kíkà. Kí n tó bímọ, mo máa ń ka ìwé méjì lóṣù. Ìwé kan ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìrọ̀rí mi láti oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, ojú ìwé 12 ni mo ṣì wà. Tí mo bá ṣí i lálẹ́, n kì í ka ìlà mẹ́ta tí oorun fi ń gbé mi lọ.

Mo ti kọ ètò sórí páálí, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri ilé ìdáná, mo fi wákàtí kọ̀ọ̀kan fún nǹkan kọ̀ọ̀kan. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ò tíì parí tó ti bàjẹ́. Ẹ̀yin tó ń ṣe é tó ń bọ́ sí i fún yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ là mí lọ́yẹ̀.

Ìyá Ìbejì Bódìjà
Aago 9:58 alẹ́

Ẹ kú ìnira o, Olùkọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ya páálí yẹn kúrò lára ògiri lálẹ́ yìí. Ibi tí iná kì í ti í lọ, tí omi ń yọ lẹ́nu ẹ̀rọ nígbàkúùgbà, ibẹ̀ ni ètò wákàtí-wákàtí ti ń bá èèyàn gbé. Níbi tiwa, òru tí iná bá dé la ń lọ aṣọ, ọjọ́ tí omi bá wà la ń fọ̀ ọ́. Ètò tí ò lè tẹ̀, dídá ló máa dá.

Yàtọ̀ sí oúnjẹ, nǹkan kan ṣoṣo ni mo fi sí ọjọ́ kan. Ìṣẹ́gun, aṣọ abẹ́ àti ìbọ̀sẹ̀. Ọjọ́bọ̀, ilé gbígbá àti ilé ìwẹ̀. Àbámẹ́ta, aṣọ ńláńlá. Ní àwọn ọjọ́ yòókù, ìdọ̀tí tí mo bá bá nílẹ̀, mo fi í sílẹ̀ di ọjọ́ rẹ̀. Ó gbà mí ní ọdún kan kí ìtìjú tó kúrò lójú mi tí àlejò bá dé.

Ibi tí agbára mi ti ń ṣòfò jù tẹ́lẹ̀ ni ọbẹ̀. Alaalẹ́ ni mò ń gbé ata lọ sí ẹ̀rọ, alaalẹ́ ni mò ń dúró nídìí iná. Ní báyìí, ọjọ́ Àbámẹ́ta ni mò ń lọ ata gbogbo ọ̀sẹ̀: tàtàṣé, rodo, tòmátì, àlùbọ́sà. Tí mo bá gbé e délé, mo máa sè é títí omi inú rẹ̀ á fi fà pátápátá, kí n tó da òróró sí i, kí n wá dín in títí òróró á fi léfòó. Ata tí omi rẹ̀ fà dáadáa kì í tètè kan. Ike márùn-ún ni mò ń pín in sí. Tí iná ò bá wá, tí fíríìjì ò tutù mọ́, ẹ da á sínú ìkòkò lálẹ́, ẹ jẹ́ kó hó dáadáa, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ṣíbí tó ti kan ẹnu bọ inú ẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ tí ẹ bá dé, ike kan, ẹja gbígbẹ tàbí ẹyin, ẹ̀bà tàbí àmàlà, kò ní gbà yín ju ogún ìṣẹ́jú lọ. Ewédú àti ẹ̀wà nìkan ni n kì í sè pa mọ́ bí kò bá sí iná, wọ́n tètè máa ń bàjẹ́.

Akọ̀wé Agége
Aago 10:06 alẹ́

Ọ̀rọ̀ ata yẹn ló gba ìgbéyàwó mi là, n ò ṣàwàdà. Ẹ ṣe é o, Ìyá Ìbejì.

Nọ́ọ̀sì Òru, Manchester
Ọjọ́ Ajé, aago 9:20 òwúrọ̀

Ẹ kú àárọ̀ o. Nọ́ọ̀sì ni mí, iṣẹ́ òru wákàtí 12 ni mò ń ṣe, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ni. Olùkọ́ mi, ẹ gbọ́ tèmi: oorun ni kí ẹ kọ́kọ́ bójú tó nínú gbogbo nǹkan tí ẹ kà sílẹ̀ yìí. Wákàtí 7, ó kéré tán, ni àgbàlagbà nílò. Ẹni tó ń jí ní aago 4:15, aago 9:15 alẹ́ ló yẹ kí orí rẹ̀ ti kan ìrọ̀rí. Aago 9:42 lẹ kọ̀wé sí wa. Ìwé tí oorun ń gbé yín lọ lórí ẹ̀ yẹn, kì í ṣe pé ẹ ò nífẹ̀ẹ́ ìwé mọ́. Ara yín ń gba gbèsè oorun tí ẹ jẹ ẹ́ ni.

Ti ìrìn, ẹ má jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà dẹ́rù bà yín. Nínú ìlànà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde ní 2020, wọ́n ní kí àgbàlagbà máa fi 150 sí 300 ìṣẹ́jú ṣe eré ìdárayá tí kò le jù láàárín ọ̀sẹ̀ kan, irú bí ìrìn kánmọ́kánmọ́, kó sì ṣe èyí tó ń fún iṣan lágbára ní ọjọ́ méjì. Láyé àtijọ́, wọ́n máa ń ní ó gbọ́dọ̀ tó ìṣẹ́jú 10 lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kó tó wọnú ìṣirò. Wọ́n ti yọ ìyẹn kúrò. Ìṣẹ́jú mẹ́ta tí ẹ fi gun àtẹ̀gùn iléèwé, ó wọlé. Garawa omi tí ẹ gbé láti ìdí bọ́húò dé ilé ìdáná, ó wọlé dáadáa, iṣan ló ń lò.

Ẹ wò ó báyìí: tí àwọn ọmọ bá jáde fún ìsinmi ọ̀sán, ẹ yí pápá iléèwé ká fún ìṣẹ́jú 15. Ọjọ́ márùn-ún, ó di 75. Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, ẹ fẹsẹ̀ rìn lọ sọ́jà, ẹ fẹsẹ̀ bọ̀, ká ní 40. Ní ọjọ́ Àìkú, ẹ̀yin àti àwọn ọmọ, ìṣẹ́jú 35. Ó ti pé 150, ẹ ò sì yọ wákàtí kan kúrò nínú alẹ́ yín. Bí ẹ ṣe máa mọ̀ pé ìrìn náà yá tó ni pé kí ẹ lè bá èèyàn sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n kí èémí má tó yín kọrin.

Magí náà, iyọ̀ ni. Ẹni tó dín iyọ̀ kù tí kò dín magí kù kò tíì dín nǹkan kan. Ẹ sì padà lọ wọn ìfúnpá yẹn ní ọjọ́ tí wọ́n dá fún yín, ẹ má fi ìrìn rọ́pò àyẹ̀wò.

Èmi náà ti wà níbi tí ẹ wà. Níbí, ní oṣù Kejìlá, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni ilẹ̀ ń ṣú, òtútù á sì mú kí èèyàn kórìíra ẹnu ọ̀nà. Ohun tó yọ mí ni parkrun, ìrìn tàbí eré sísá tí àwọn èèyàn jọ ń ṣe nínú ọgbà ìgbafẹ́, èyí tó bẹ̀rẹ̀ ní Bushy Park ní London ní 2004. Ọ̀fẹ́ ni, aago 9 òwúrọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, kìlómítà 5. Ẹnì kan wà tí iṣẹ́ rẹ̀ ni pé kó máa rìn lẹ́yìn gbogbo èèyàn, kí ẹnikẹ́ni tó wá má baà jẹ́ ẹni ìkẹyìn. Ọjọ́ tí mo gbọ́ ìyẹn ni mo ra bàtà. Rírìn ni mo ń rìn ín, n kì í sáré.

Ọmọ Ọ̀jọ́dù
Ọjọ́ Ajé, aago 1:15 ọ̀sán

Ọ̀rọ̀ yín dáa, Nọ́ọ̀sì, kìkì pé mo rí i níbòmíràn tí wọ́n ń gba èèyàn níyànjú pé kó sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ní ibùdó kan ṣáájú tirẹ̀, kó wá fẹsẹ̀ rìn yòókù. Olùkọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é ní ìdájí lójú ọ̀nà márosẹ̀ yẹn. Òkùnkùn wà, ọkọ̀ ń sáré, àwọn tó ń já báàgì gbà náà sì mọ aago tí àwọn òṣìṣẹ́ ń jáde. Pápá iléèwé yẹn lẹ wà láìléwu.

Dẹ́rẹ́bà Ìkòròdú
Ọjọ́ Ajé, aago 2:37 ọ̀sán

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n mi Olùkọ́. Ọkọ̀ ni mò ń wà, Ìkòròdú sí Mile 12. Bóyá ẹ ò ní retí pé dẹ́rẹ́bà ló máa bá yín sọ̀rọ̀ ìwé, ṣùgbọ́n ẹ gbà á lẹ́nu mi.

Ní gáréèjì, títò là ń tò kí a tó kó èrò. Nígbà míì ó máa ń tó ogójì ìṣẹ́jú kó tó kàn mí. Fóònù ni mo fi ń pa àsìkò yẹn tẹ́lẹ̀, tí mo bá sì gbójú sókè, n ò ní lè sọ ohun tí mo ti ń wò. Mo wá fi ìwé kan sínú àpótí iwájú ọkọ̀. Ìwé náà ò gbọdọ̀ wọlé pẹ̀lú mi, inú ọkọ̀ ni ilé rẹ̀. Lọ́dún tó kọjá, ìwé mẹ́sàn-án ni mo kà parí níbẹ̀, nínú títò yẹn nìkan.

Ẹ̀yin náà, ẹ ní wákàtí mẹ́rin nínú ọkọ̀ lójúmọ́, bí mo bá ṣírò ẹ̀ dáadáa. Ìwé tí wọ́n tẹ̀ sórí bébà ni kí ẹ mú dání. Àwọn ọmọ tó ń ti ojú fèrèsé já fóònù gbà nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, mi ò rí wọn kí wọ́n já ìwé gbà rí. Tí ọkọ̀ bá wá ń sáré, ẹ pa ìwé dé, torí òòyì máa ń kọ́ ẹni tó bá dorí kodò nínú ọkọ̀ tó ń lọ. Ìgbà tí ọkọ̀ bá dúró ni kí ẹ kà. Tí ilẹ̀ ò bá tíì mọ́, ẹ fi àkókò yẹn sùn; tẹni tó jókòó nítòsí fèrèsé ló rọrùn jù, ẹ fi báàgì sáàárín ẹsẹ̀ yín.

Olùkọ́ Mọ́wé
Ọjọ́ Ajé, aago 8:10 alẹ́

Àbúrò mi Dẹ́rẹ́bà, ẹ ṣeun gan-an. Mo ka ọ̀rọ̀ yín fún ọmọ mi ọkùnrin, ó ní òun náà fẹ́ ní ìwé tí ilé rẹ̀ wà nínú báàgì. Nọ́ọ̀sì, mo gbọ́ ìbáwí. Mo ń lọ sùn báyìí.

Olùkọ́ Ẹlẹgbẹ́ Yín
Ọjọ́ Ajé, aago 8:31 alẹ́

Kí ẹ tó sùn: 128 pín sí ọjọ́ mẹ́rin, 32 ni. Ẹ má máàkì ìwé ọmọ kan tán kí ẹ tó mú tẹlòmíràn. Ìbéèrè kìíní nínú gbogbo 32 ni kí ẹ kọ́kọ́ máàkì, lẹ́yìn náà ìbéèrè kejì. Ìdáhùn kan ṣoṣo ló máa wà lórí yín, ọwọ́ á yá, ẹ ò sì ní máa le mọ́ ọmọ kan kí ẹ máa rọ̀ fún èkejì. Èmi ti ń ṣe é láti ọdún mẹ́wàá. Ní iléèwé ni kí ẹ ti ṣe é, láàárín aago 2:30 sí 4, kí ó má bàa bá yín wọlé.

Ọmọ Ọ̀yọ́
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago 7:05 òwúrọ̀

Ẹ dákun, ẹ má fi ìbéèrè mi ṣe àrífín. Ọkùnrin ni mí, mo sì ka gbogbo ọ̀rọ̀ yìí látòkè délẹ̀. Bàbá àwọn ọmọ ńkọ́? Gbogbo ìmọ̀ràn tí a ń kó jọ yìí, orí ẹnì kan ṣoṣo la ń dì í lé.

Olùkọ́ Mọ́wé
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago 12:50 ọ̀sán

Kò sí àrífín ńbẹ̀. Èèyàn dáadáa ni ọkọ mi, kì í kọ iṣẹ́ tí mo bá ní kó bá mi ṣe. Àmọ́ tó bá wà lẹ́nu iṣẹ́ òru, aago 7 àárọ̀ ló ń wọlé, èmi ti lọ. Tí mo bá dé, ó ti ń múra àtijáde. A lè má ríra ju ogún ìṣẹ́jú lọ.

Ọmọ Ọ̀yọ́
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago 1:22 ọ̀sán

Ẹ wo ọ̀rọ̀ tí ẹ sọ, mà: “iṣẹ́ tí mo bá ní kó bá mi ṣe.” Ibẹ̀ gan-an ni ìyàwó mi ti mú mi. Ó ní òun ò fẹ́ kí n máa bá òun ṣe mọ́, nítorí pé ẹni tó ń bá èèyàn ṣe, ẹni tó ni iṣẹ́ náà ni yóò ṣì máa rántí, òun ni yóò máa rán an létí, tí kò bá sì ṣeé ṣe, òun ni yóò jẹ̀bi. Ó gbé ọ̀rọ̀ ata fún mi pátápátá: rírà, lílọ̀, sísè, mímọ ìgbà tó kù díẹ̀. Oṣù kìíní, ẹ̀ẹ̀mejì ni ata tán tí n ò mọ̀, tí a jẹ búrẹ́dì. Kò bú mi, kò sì lọ rà á. Oṣù kejì, mo ti mọ ọjọ́ tí tòmátì ń pọ̀ ní ọjà Akẹ̀sán.

Ẹni tó wọlé ní aago 7 àárọ̀, tó sùn di aago 2 ọ̀sán, òun ló wà nílé nígbà tí oòrùn ṣì ń ràn. Ní ọ̀sẹ̀ iṣẹ́ òru, ẹ gbé yunifọ́ọ̀mù àwọn ọmọ fún un látìgbà tó bá dọ̀tí títí dìgbà tí wọ́n bá lọ̀ ọ́ tán. Ẹ̀yin ẹ má bèèrè, ẹ má yẹ̀ ẹ́ wò. Ọmọ ọdún 11 náà ti tó fọ ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀ àti ti àbúrò rẹ̀ ní gbogbo ìrọ̀lẹ́. Kì í ṣe ìyà, bẹ́ẹ̀ la ṣe tọ́ èmi náà.

Akàwé Abẹ́òkúta
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago 9:00 alẹ́

Mo fẹ́ sọ nǹkan kan tí ẹnikẹ́ni ò tíì sọ. Ìwé tó wà lójú ìwé 12 láti oṣù mẹ́ta, ẹ fi í sílẹ̀. Ìwé yẹn lè dára o, ó lè jẹ́ pé kì í ṣe ìwé ọ̀sẹ̀ tó le ni. Nígbà tí ara bá ti rẹ̀ mí, ìtàn kúkúrú ni mò ń wá, tàbí ewì, ohun tí mo lè bẹ̀rẹ̀ kí n sì parí kí omi tó hó. Ìwé Yorùbá tí wọ́n fi àmì sí dáadáa, mo máa ń kà á sókè. Kò yá bíi ti Gẹ̀ẹ́sì lẹ́nu ọ̀pọ̀ wa tí iléèwé Gẹ̀ẹ́sì kọ́, ṣùgbọ́n ojú ìwé méjì péré máa ń tu ọkàn mi lára bíi pé ìyá mi àgbà ló ń sọ ọ́.

Ìgbà tí mò ń dirun náà, mo máa ń mú ìwé lọ. Wákàtí mẹ́ta tàbí mẹ́rin ni, níbi tí ẹnikẹ́ni ò ti lè rán mi níṣẹ́.

Èyí tó sì dára jù nínú gbogbo rẹ̀: ẹ jẹ́ kí ọmọ máa kàwé fún yín. Ọwọ́ yín ń ṣa ẹ̀wà, ọwọ́ yín ń já ẹ̀fọ́, ọmọ ọdún 8 jókòó, ó ń kà á síta. Ibi tó bá ti ṣìnà, ẹ tún un ṣe. Iṣẹ́ ilé ń lọ, ọmọ ń kọ́ ìwé, ẹ̀yin náà ń gbọ́ ìtàn. N ò mọ ohun mìíràn nínú ilé mi tó ń ṣe iṣẹ́ mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà láìdá kún àárẹ̀ mi.

Bàbá Tíṣà, Ìjẹ̀bú
Ọjọ́rú, aago 6:15 òwúrọ̀

Ẹ̀yin ọmọ mi, mo kí gbogbo yín. Ẹni ọdún 74 ni mí, iṣẹ́ olùkọ́ ni mo ṣe títí mo fi fẹ̀yìn tì. Ọmọ mi obìnrin ló fi ọ̀rọ̀ yín hàn mí, mo sì ní kó bá mi kọ tèmi sí i.

Ohun tó jọ mí lójú ni pé gbogbo yín ń wá bí ẹnì kan yóò ṣe dá ẹrù náà gbé. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, bàbá mi kì í dá oko ro tán. Àáró ni wọ́n ń ṣe. Òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ á jọ ro oko tẹnì kan lónìí, wọ́n á jọ ro ti ẹlòmíràn lọ́tunla, títí yóò fi kárí. Wọn kì í fi owó síra wọn lọ́wọ́, iṣẹ́ ni wọ́n fi ń san iṣẹ́. Ọ̀wẹ̀ yàtọ̀ sí i: ìyẹn ni kí èèyàn pe ọ̀pọ̀ èèyàn wá bá òun ṣe iṣẹ́ ńlá lọ́jọ́ kan ṣoṣo, bíi ilé kíkọ́, tí yóò sì fi oúnjẹ àti ẹmu ṣe wọ́n lálejò. Àáró kò nílò àsè. Ohun tó nílò ni kí ẹni tó bá kàn má yẹ̀.

Olùkọ́, ẹ wo ọgbà tí ẹ ń gbé. Obìnrin mélòó ló ń dá gbé ìkòkò kaná ní aago 8 alẹ́ kan náà? Ìkòkò mẹ́ta, gáàsì mẹ́ta, àárẹ̀ mẹ́ta, oúnjẹ kan náà. Kí ló dé tí ẹnì kan ò lè sè é fún ilé méjì ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, kí ẹnì kejì sì sè é ní Ọjọ́bọ̀? Aṣọ bẹ́ẹ̀, mímú ọmọ lọ sí iléèwé bẹ́ẹ̀.

Mo mọ̀ pé ayé ti yí padà, ẹ̀rù ń ba èèyàn láti jẹ oúnjẹ ẹlòmíràn. N ò ní kí ẹ bá àjèjì ṣe é. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ẹnì kan ṣoṣo. Ẹ sọ ìwọ̀n rẹ̀ síra yín kedere: ẹnu mélòó ni, ẹran mélòó ni, ta ló ń ra gáàsì. Àáró tó bá dàrú, ìwọ̀n ló máa ń dà á rú, kì í ṣe iṣẹ́. Ẹni tí kò bá ní lè ṣe tirẹ̀, kó ti wí láti ọjọ́ tó ṣáájú, kó má dúró di ọjọ́ náà.

Ìyá Ìbejì Bódìjà
Ọjọ́rú, aago 6:48 òwúrọ̀

Ẹ ṣeun, Bàbá. Ẹ pẹ́ fún wa. Mo kan fẹ́ fi kún un pé kí Olùkọ́ sọ ọ̀rọ̀ iyọ̀ rẹ̀ fún ẹni tí wọ́n bá jọ ń ṣe é, láti ọjọ́ kìíní. Ẹ bá ẹni tí ẹ ti jẹ oúnjẹ rẹ̀ rí ṣe é.

Alágbàfọ̀ Ṣómólú
Ọjọ́rú, aago 11:30 òwúrọ̀

Aṣọ tó di òkè yẹn, ẹ yọ bẹ́ẹ̀dì ṣíìtì àti kọ́tìnì kúrò nínú ẹ̀, ẹ kó wọn fún alágbàfọ̀ lẹ́ẹ̀kan péré kí òkè náà lè wó. Àwọn ni wọ́n ń gba omi àti agbára jù. Èyí tó kù, ọwọ́ yín á ká a.

Olùkọ́ Mọ́wé
Ọjọ́rú, ọ̀sẹ̀ kejì, aago 8:05 alẹ́

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Mo ní kí n padà wá jábọ̀.

Ìwé ìdánwò parí ní Ọjọ́bọ̀. Ìbéèrè kọ̀ọ̀kan ni mo ń gbà, bí Ẹlẹgbẹ́ mi ṣe wí, ìyàtọ̀ rẹ̀ sì pọ̀. Ìwé mẹ́rìnlá péré ló bá mi wọlé, lálẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun tí ìpàdé gbà wá lásìkò ní iléèwé.

Ìrìn: ọjọ́ mẹ́ta nínú márùn-ún ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Òjò rọ̀ ní ọjọ́ kan, wọ́n sì rán mi níṣẹ́ ní ìkejì. Olùkọ́ méjì ti dara pọ̀ mọ́ mi lórí pápá, nígbà tí mi ò sì fẹ́ lọ lánàá, àwọn ni wọ́n wá pè mí. Ọjọ́ kejìlélógún oṣù yìí ni wọ́n dá fún mi láti wá tún ìfúnpá wọ̀n.

Mo bá ọkọ mi sọ̀rọ̀. Mo fi ọ̀rọ̀ Ọmọ Ọ̀yọ́ hàn án, ó kà á lẹ́ẹ̀mejì, kò sọ̀rọ̀ títí. Ó wá ní, “Yunifọ́ọ̀mù ti di tèmi.” Ní ọjọ́ Ajé, ọ̀kan ò gbẹ, ọmọ wọ aṣọ tó tutù díẹ̀ lábíyá lọ sí iléèwé. Ẹnu ń yún mi, ṣùgbọ́n mo pa á mọ́. Láti ìgbà náà, aago 3 ọ̀sán ló ti ń sá wọn. Bẹ́ẹ̀dì ṣíìtì mẹ́rin ti lọ bá alágbàfọ̀. Àga ti ṣeé jókòó lé.

Àáró ni mo bẹ̀rù jù. Télọ̀ kan wà lójúlé kejì sí mi, mo ti ń jẹun nílé rẹ̀ láti ìgbà tí mo ti wà lóyún ọmọ kejì. Mo lọ bá a. Kí n tó sọ̀rọ̀ tán, omi ti ń bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní òun rò pé òun nìkan ni ìkòkò ń wu bíi kóun gbé e jù sígbó lálaalẹ́. Ẹni kẹta tí a pè ò fẹ́, a ò sì bínú sí i. Télọ̀ ń sè fún ilé méjèèjì ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, èmi ń sè ní Ọjọ́bọ̀. Ẹnu mẹ́sàn-án, kọ́ńgò mẹ́ta ẹ̀wà tàbí ìrẹsì, gáàsì ẹni tó bá kàn. Iyọ̀ díẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ kó bu tirẹ̀ lé e.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun tí mo wọlé, tí mo bá àwo oúnjẹ tí wọ́n fi abọ́ dé lórí tábìlì, tó ṣì ń gbóná, mo jókòó fún ìṣẹ́jú mélòó kan, n ò lè bọ́ bàtà. Mi ò mọ ìgbà tí ẹnikẹ́ni ti se oúnjẹ dè mí kẹ́yìn. Aago 9 ni mo sùn lálẹ́ ọjọ́ náà.

Ìwé ojú ewé 12, mo ti gbé e sórí pẹpẹ. Akójọ ìtàn kúkúrú kan ni mo mú, inú báàgì ọkọ̀ ló ń gbé, mo ti dé ojú ìwé 61. Berger nìkan ló gba ogún nínú ẹ̀.

Akàwé Abẹ́òkúta
Aago 8:14 alẹ́

Inú mi dùn débi pé mo pariwo. Ọmọ yín ńkọ́, ṣé ó ti ń kàwé fún yín?

Olùkọ́ Mọ́wé
Aago 8:19 alẹ́

Ọ̀la ló kàn mí, ẹ̀wà ni wọ́n ní àwọn fẹ́ jẹ. Mo ti da kọ́ńgò mẹ́ta sórí atẹ, mo fẹ́ ṣà á kí n tó sùn. Ó ti jókòó sí ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná, ó ti ṣí ìwé, ó ń bi mí pé ibo la bá a dé lánàá.